Àgùtàn Lacaune àti Ilẹ̀ Tí Wọn Kò Tà

Bí a bá dárúkọ àgùtàn nílẹ̀ Yorùbá, àgbò Iléyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, tàbí ẹran tí à ń pa níbi ìnáwó. A kì í fún wàrà àgùtàn. Wàrà tí à ń rà lọ́jà, ọwọ́ àwọn Fúlàní darandaran ló ti ń wá, ti màlúù sì ni. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń rí wàràkàṣì Roquefort lórí àtẹ ní ìlú òyìnbó, èyí tó ní ìlà búlúù nínú, ni kò mọ̀ pé wàrà àgùtàn ni wọ́n fi ṣe é. Ìtàn àgùtàn náà ni a fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò sì ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Orúkọ àgùtàn yìí ni Lacaune, orúkọ ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Funfun ni, kò ní ìwo, etí rẹ̀ sì gùn sí ẹ̀gbẹ́. Abo rẹ̀ máa ń tó kílò 70, akọ sì máa ń tó kílò 100, ó ju ìlọ́po méjì àgùtàn ìbílẹ̀ wa lọ. Ẹni tó ń wá irun tí yóò fi hun aṣọ kò lè rí nǹkan gidi lára rẹ̀, nítorí orí, ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní irun bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ni irun náà bò. Wàrà ni iyì rẹ̀. Ọ̀rá inú wàrà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti màlúù. Ní nǹkan bí ọdún 1960, abo kan kì í fún ni ju nǹkan bí lítà 80 lọ ní àsìkò kan; ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ń wọn wàrà abo kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, ọmọ àwọn tó ń fún ni dáadáa ni wọ́n sì ń fi ṣe irú. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún náà fi máa parí, ó ti kọjá lítà 250.

Inú ihò àpáta ní abúlé Roquefort ni wàràkàṣì náà ti ń gbó. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń gba inú sísán àpáta wọlé, ìhùkasì tí wọ́n mú láti ara búrẹ́dì ló sì ń fún un ní ìlà búlúù. Ní 1411, Ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará Roquefort nìkan ní àṣẹ láti máa gbó o síbẹ̀. Ní 1925, òfin ilẹ̀ Faransé dáàbò bo orúkọ náà. Lónìí, wàrà Lacaune nìkan ni wọ́n lè fi ṣe é. Nǹkan kì í ṣòfò níbẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ àgùtàn tí wọ́n ń tètè pa kí wàrà lè kù fún títà, awọ wọn ló sọ ìlú Millau di ìlú olókìkí nínú rírán ìbọ̀wọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àgùtàn wọ̀nyí ti ń jẹko ni Larzac, òkè pẹrẹsẹ olókúta tí omi kì í dúró lórí rẹ̀. Àgọ́ ológun kan ti wà níbẹ̀ láti 1902. Ní oṣù kẹwàá 1971, Michel Debré, mínísítà ètò ààbò, kéde pé àwọn yóò fẹ àgọ́ náà láti hẹ́kítà 3,000 sí 17,000. Lójú àwọn tó wà ní Paris, ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n àgùtàn Lacaune ti sọ ilẹ̀ gbígbẹ náà di oúnjẹ àti owó.

Ní oṣù kẹta 1972, Lanza del Vasto, ọmọ-ẹ̀yìn Gandhi, wá gbààwẹ̀ ọjọ́ 15 láàárín wọn. Ní àkókò náà, àgbẹ̀ 103 fọwọ́ sí ìwé ìbúra pé àwọn kò ní ta ilẹ̀ àwọn láé. Wọn kò gbé ìbọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kó àgùtàn 60 lọ sí Paris, wọ́n tú wọn sílẹ̀ sábẹ́ Ilé-Ìṣọ́ Eiffel kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wa katakata kọjú sí Paris ní 1973, wọ́n sì kọ́ ilé àgùtàn ńlá kan ní La Blaquière láìgba àṣẹ ìjọba. Ìjà náà gbà wọ́n ní ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí François Mitterrand di ààrẹ ní 1981, ó fagi lé ètò náà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ kí a fi sọ́kàn jù. Ní 1985, ìjọba fi nǹkan bí hẹ́kítà 6,300 tí àwọn ológun ti rà sílẹ̀ lé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà lọ́wọ́, nípa ìwé àdéhùn ọlọ́jọ́ gígùn. Kò sí ẹni tó lè ta á. Ẹni tó bá ń ro ilẹ̀ ló ń lò ó. Bó bá fẹ̀yìn tì, àgbẹ̀ mìíràn yóò gba ipò rẹ̀. Kí ni èyí fi yàtọ̀ púpọ̀ sí ilẹ̀ ẹbí tí àwọn bàbá wa mọ̀?

Ní 1978, nígbà tí ìjà Larzac ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ológun Nàìjíríà gbé Òfin Ilẹ̀ jáde, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi mọ bí ilẹ̀ ẹbí ṣe ń bọ́ lọ: ọ̀kan fọwọ́ sí i, èkejì kò gbọ́, ẹ̀kẹta wà ní òkèèrè. Àwọn àgbẹ̀ Larzac kò dúró di ìgbà tí owó bá dé kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí á béèrè ààlà ilẹ̀ wa lọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ni ín, títí kan àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìdálẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.