Rango àti Omi Àfonífojì Owens: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀rín

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Bí a bá ń wá ọmọ alágẹmọ tó gbìyànjú gidi láti jó, Rango ni ká wò. Ọdún 2011 ni fíìmù kátúùnù yìí jáde. Gore Verbinski ló darí rẹ̀, Johnny Depp ló ya ohùn fún alágẹmọ inú rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2012, ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù kátúùnù tó dára jù lọ. Ọ̀pọ̀ wa ti wò ó, a sì ti rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí a fẹ́ sọ níbí ni pé ẹ̀rín náà ní ìdí. Ìtàn àwọn èèyàn tí wọ́n gba omi mọ́ lọ́wọ́ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Báǹkì tí kò tọ́jú owó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rán ara wa létí. Alágẹmọ kan ń gbé inú àpótí gíláàsì, kò ní ọ̀rẹ́, ó kàn ń ṣe eré orí ìtàgé fún ara rẹ̀ ni. Àpótí yìí já bọ́ láti inú ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀ Mojave, ni alágẹmọ bá dèrò ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Dirt. Ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń múra bíi kọ́bọ́ì, ni gbogbo ará ìlú náà. Ó purọ́ fún wọn pé akọni lòun, pé Rango lorúkọ òun. Ara ìgò ohun mímu tí wọ́n kọ Durango sí ló ti gé orúkọ náà. Oríire ló fi pa àṣá tó ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì fi í ṣe olórí ọlọ́pàá ìlú.

Omi ni ìṣòro Dirt. Báǹkì ìlú náà kì í tọ́jú owó, omi ló ń tọ́jú, nínú ìgò ńlá kan. Àwọn ará ìlú a máa jó lọ sídìí ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n gbójú lé, bí wọ́n bá sì ṣí i, ẹrẹ̀ ló ń jáde. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jí omi báǹkì gbé. Nígbà tí wọ́n wá ọ̀gá báǹkì kàn, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá nínú aṣálẹ̀, omi ló sì pa á. Ó kú sómi níbi tí kò sí omi! Nígbẹ̀yìn, àṣírí tú pé Méyọ̀ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, ìjàpá arúgbó kan tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó pa omi dé kí ilẹ̀ lè gbẹ, kí àwọn àgbẹ̀ lè ta ilẹ̀ wọn ní ọ̀pọ̀ fún un, kí òun lè kọ́ ìlú ìgbàlódé sórí rẹ̀.

Pé ìjàpá ni ọ̀daràn kò lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ àlọ́ ìgbà tí ọ̀dá dá, tí gbogbo ẹranko para pọ̀ gbẹ́ kànga, tí Ìjàpá ò bá wọn gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n tó ń yọ́ wá pọn ún. Àmọ́ kì í ṣe inú àlọ́ wa ni àwọn tó ṣe Rango ti mú Méyọ̀ wọn. Inú Chinatown ni wọ́n ti mú un, fíìmù ọdún 1974 tí Robert Towne kọ, tí Roman Polanski sì darí. Nínú fíìmù yẹn, olówó arúgbó kan tó ń jẹ́ Noah Cross, tí John Huston ṣe, ń fi omi àti ilẹ̀ kó ọrọ̀ jọ, ọ̀gá iléeṣẹ́ omi sì kú sómi ní àkókò ọ̀dá. Ẹni tó bá ti wo méjèèjì máa rí i pé ìjàpá Dirt ti kọ́ bí Noah Cross ṣe ń dé fìlà àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Chinatown náà kò dédé ro tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Los Angeles àti àfonífojì Owens ló gbé e dìde.

Omi tó rin máìlì 233

Ní ọdún 1900, èèyàn tó ń gbé Los Angeles lé díẹ̀ ní 102,000. Nígbà tó fi máa di 1910, wọ́n ti lé ní 319,000. Odò kékeré tí ìlú náà gbẹ́kẹ̀ lé kò lè tó. Olórí iléeṣẹ́ omi nígbà náà ni William Mulholland, ọmọ Ireland tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tún ojú àgbàrá ṣe, tó sì kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ẹnjiníà. Fred Eaton, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti fìgbà kan jẹ́ méyọ̀ ìlú náà, ló mú un lọ wo àfonífojì Owens ní 1904. Yìnyín orí òkè Sierra Nevada ló ń yọ́ wọ odò ibẹ̀, odò náà sì ń ṣàn lọ sínú adágún Owens. Nítorí pé àfonífojì yìí ga ju Los Angeles lọ, omi lè dé ìlú láìlo ẹ̀rọ kankan tí yóò máa fà á.

Eaton bẹ̀rẹ̀ sí ra ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ omi lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé fún ètò omi ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ṣe fún àwọn ni. Ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀ ni pé J. B. Lippincott, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nídìí ètò náà, jẹ́ ọ̀rẹ́ Eaton. Wọn ò mọ̀ pé Los Angeles náà ń sanwó fún Lippincott. Nígbà tí ìwé ìròyìn tú àṣírí náà ní oṣù Keje 1905, ọwọ́ ti bọ́. Àwọn ará Los Angeles dìbò pé kí ìlú yá mílíọ̀nù 1.5 dọ́là láti ra ilẹ̀, wọ́n sì tún dìbò ní 1907 fún mílíọ̀nù 23 dọ́là láti la ọ̀nà omi náà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 1913, omi dé lẹ́yìn ìrìn máìlì 233, ọ̀rọ̀ ṣókí ni Mulholland sì bá èrò tó pé jọ sọ: ó ní omi rèé, kí wọ́n gbà á.

Ibi tí Rango ti sún mọ́ òótọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kí omi tó dé, àwọn olówó kan ti para pọ̀ ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní àfonífojì San Fernando, níbi tí ọ̀nà omi náà máa gbà wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni Harrison Gray Otis tó ni ìwé ìròyìn Los Angeles Times, ìwé ìròyìn kan náà tó ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dìbò fún owó omi. Fíìmù kàn yí i po díẹ̀ ni. Méyọ̀ Dirt sọ ilẹ̀ tútù di gbígbẹ kó lè rà á, àwọn ti Los Angeles ra ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí wọ́n mọ̀ pé yóò tutù.

Ìlù àti ohun abúgbàù

Àwọn àgbẹ̀ Owens kò dákẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 1924, wọ́n fi dáínámáìtì fọ́ apá kan ọ̀nà omi náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, nǹkan bí àádọ́rin ọkùnrin lọ gba ibi tí wọ́n ń pè ní Alabama Gates, wọ́n ṣí i, omi sì padà sínú odò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Tìyàwó-tọmọ ni wọ́n dà lọ síbẹ̀, wọ́n ń sun ẹran, ó wá di àríyá. Tom Mix, gbajúgbajà òṣèré fíìmù kọ́bọ́ì, ń ya fíìmù nítòsí, ó sì rán àwọn onílù àti olórin rẹ̀ lọ bá wọn ṣeré.

Nígbà tí a kà á, a rántí àwọn òwìwí tó ń ta gìtá tí wọ́n sì ń kọrin ìtàn Rango látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kì í ṣe èèṣì ni Tom Mix fi wà níbẹ̀. Àwọn òkúta Alabama Hills, lẹ́bàá ìlú Lone Pine nínú àfonífojì Owens yìí gan-an, ni Hollywood ti ń ya fíìmù kọ́bọ́ì láti 1920. Aṣálẹ̀ tí àwọn bàbá wa wò nínú fíìmù, tí wọ́n rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, apá kan rẹ̀ wà nínú àfonífojì tí Los Angeles ń fa omi rẹ̀ gbẹ. Ìlú tó ń mu omi ibẹ̀ náà ló ń lọ ya àwòrán ibẹ̀.

Báǹkì kò gbẹ́yìn nínú ìtàn tòótọ́. Wilfred àti Mark Watterson, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló ni báǹkì àfonífojì náà, àwọn náà ló sì ṣíwájú ìjà omi. Ní oṣù Kẹjọ 1927, báǹkì wọn ti ilẹ̀kùn, owó àwọn ará ibẹ̀ bá a lọ, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn méjèèjì lẹ́bi pé wọ́n kówó jẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ìjà náà ti kán.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1928 ló kan Mulholland. Dáàmù St. Francis tó kọ́ wó lóru, omi sì pa èèyàn tó lé ní 400. Wákàtí bíi méjìlá ṣáájú ni òun fúnra rẹ̀ yẹ dáàmù náà wò tó sì ní kò séwu. Nígbà ìwádìí, ó sọ pé àwọn òkú lòun ń jowú. Kò sí ẹnì kankan nínú Rango tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí fíìmù náà kò ní ẹni tó dà bíi Mulholland. Ìjàpá burú pátápátá, kò sí àríyànjiyàn. Mulholland ò kó owó omi jẹ, iṣẹ́ ìlú ló gbájú mọ́, síbẹ̀ ohun tó ṣe ni a ń sọ yìí.

Ta ló kọ́kọ́ ni omi?

Fíìmù náà parí sí ayọ̀. Rango rí fáàfù tí wọ́n fi ti omi pa, omi bú jáde, Dirt di ibi ìgbádùn. Ti Owens kò rí bẹ́ẹ̀. Adágún rẹ̀ ti gbẹ kí 1930 tó dé, ekuru tó ń gbé dìde sì wà lára èyí tó burú jù ní Amẹ́ríkà. Láti 2001 ni Los Angeles ti ń da omi padà sórí rẹ̀ kí ekuru lè rọlẹ̀, owó tó ti lọ síbẹ̀ sì ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ọdún 2006 ni omi tó tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn ní ìsàlẹ̀ odò Owens, ó sì jẹ́ díẹ̀ nínú ti àtijọ́.

Ohun kan tún wà tí fíìmù náà fò dá. Kí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn tó dé, àwọn ará Paiute ló ń gbé àfonífojì náà. Payahuunadü ni wọ́n ń pè é, ibi tí omi ti ń ṣàn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ojú omi láti bomi rin àwọn ohun jíjẹ tó ń hù níbẹ̀. Ní 1863, lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ipá kó nǹkan bí 1,000 nínú wọn lọ sí Fort Tejon. Ilẹ̀ àti ojú omi wọn bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó wá ń sunkún ní 1924. Nínú Rango, ẹyẹ kannakánná kan ló dúró fún àwọn onílẹ̀. Títọ ipasẹ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣe. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló kọ́kọ́ ni omi Dirt.

Ìjàpá inú àlọ́ wa máa ń yọ́ lọ sí kànga ni, ìdí nìyí tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó gba omi Owens wá lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú owó, ìdìbò àti ìwé tí àwọn èèyàn fọwọ́ sí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro láti gbà á padà. Bí ẹ bá tún Rango wò, ẹ má fojú fo ibi tí wọ́n ti ń jó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Méyọ̀ wà níwájú wọn níbẹ̀, ó ń wàásù ìrètí fún wọn, wọ́n sì gbà á gbọ́.