Iṣẹ́ Igi ní Ọ̀tà: Ìtàn Rẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Òde Òní

Iṣẹ́ igi ni a fẹ́ fi ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọdún yìí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Sàngó kọjá yóò gbọ́ igbe ayùn ẹ̀rọ, yóò sì rí àga àti ibùsùn tí a tò sí etí títì fún títà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà ni ó rò pé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá dé ni iṣẹ́ igi dé Ọ̀tà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ igi ti sọ ìlú wa di olókìkí kí ẹ̀rọ kankan tó dún níbẹ̀.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a mọ̀ jùlọ fún gbígbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìtàn sọ pé ìhà Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wá kí ó tó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Yewa, Ànàgó, Ọ̀họ̀rí àti Àwórì. A ń ṣe é láti fi bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń kọrin lóru, tí ó ń súre, tí ó sì ń bá ìlú wí. Ní ọ̀sán ni àwọn ère ń jó, lọ́pọ̀ ìgbà ní méjì-méjì. Ní ọdún 1842 àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà, ìyà ńlá sì jẹ ìlú. Síbẹ̀ ogun kò pa iṣẹ́ ọnà run. Ère tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀tà gbẹ́ wà lónìí nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní òkè òkun. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2008 wọ́n sì fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àṣà àgbáyé, fún Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Kí ni àwọn baba wa mọ̀ tí iṣẹ́ wọn fi dára tó bẹ́ẹ̀? Èkíní ni pé wọ́n mọ igi. Orí ni a ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé, a sì ń fi í jó. Nítorí náà, igi tí ó fúyẹ́ ni ó yẹ ẹ́. Igi ọmọ̀ rọrùn láti gbẹ́, òun náà ni àwọn onílù fẹ́ràn. Igi ìrè ni a sábà fi ń gbẹ́ ère ìbejì, nítorí pé ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó sì gba fínfín dáadáa. Ìrókò àti apá le, wọ́n sì wúwo. Ilẹ̀kùn, òpó àti odó ni ó tọ́ sí wọn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn yóò gbé sórí jó.

Èkejì ni pé wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí a fọwọ́ kan igi. Igi tútù ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́, nítorí pé irin ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí igi tútù bá tètè gbẹ, yóò là. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bo iṣẹ́ tí kò tíì parí mọ́lẹ̀ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ má bàa kọlù ú. Wọ́n sì ń gbẹ́ inú ère náà jáde títí yóò fi dà bí igbá. Èyí mú kí ó fúyẹ́, ó sì mú àárín gbùngbùn igi kúrò, níbi tí lílà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ wọn ní ètò. Àlùfáà Kevin Carroll ti Ìjọ Àgùdà, ẹni tí ó dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, níbi tí Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, kọ orúkọ ìpele mẹ́rin sílẹ̀ láti ẹnu àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1967. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ni a fi ń gé igi láti fi ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà hàn. Àlétúnlé ni èkejì: a ó pín àwọn ibi ńlá wọ̀nyí sí kéékèèké, ojú, etí àti ọwọ́ yóò sì yọ. Dídán ni ẹ̀kẹta: ọ̀bẹ àti ṣísẹ́ẹ̀lì yóò mú gbogbo ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ní ibòmíràn ewé ìpín ni a fi ń họ ọ́. Fínfín ni ìkẹyìn: ilà ojú, irun àti ọnà ara aṣọ. Ẹ kíyèsí i pé ìkẹyìn ni ọ̀ṣọ́ dé. Bí ọnà lílé bá wọ́, kò sí fínfín tí ó lè tún un ṣe.

Ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀nà iṣẹ́ igi mìíràn dé ilẹ̀ wa. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí ó ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó mú iṣẹ́ kápẹ́ńtà wá: ayùn, ránńdà, pákó títọ́, fèrèsé àti àga. Láti ìgbà náà ni gbẹ́nàgbẹ́nà àti kápẹ́ńtà ti ń gbé pọ̀. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí i ní Ọ̀tà, èrò Èkó wá ilẹ̀ àti ilé síhìn-ín, ọjà àga àti ilẹ̀kùn sì gbòòrò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìkánjú ọjà ti ń mú kí àwọn kan gbàgbé ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kà sókè yìí. Ilẹ̀kùn tí ó wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tábìlì tí ó là kí ọdún tó yípo, orúkọ Ọ̀tà ni wọ́n ń bàjẹ́.

Nítorí náà, a fẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣiṣẹ́ igi létí àwọn nǹkan díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí pákó gbẹ. Igi kì í sún kì ní gígùn rẹ̀ tó ohun tí a lè rí, ṣùgbọ́n ó ń sún kì ní ìbú rẹ̀. Ẹ to pákó sábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ó má kan ilẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dọ́gba sí àárín pákó kan àti èkejì, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn, kí igi òkè bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀ gan-an. Ẹ fi ọ̀dà kun orí pákó méjèèjì, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń tètè jáde jù. Àwọn òyìnbó ní òwe iṣẹ́ kan: íǹṣì kan, ọdún kan. Ooru ilẹ̀ wa lè mú un yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ẹlẹ́rìí. Ẹ wọn pákó kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti gbẹ.

Ẹ má kan ojú tábìlì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí igi lè wú nígbà òjò, kí ó sì lè sún kì nígbà ọyẹ́.

Ẹ ṣètò ibi iṣẹ́. Tábìlì ìṣiṣẹ́ kí ó ga dé ọrùn ọwọ́ ẹni tí ó dúró tì í. Ẹ gbé ayùn ẹ̀rọ síbi tí àyè wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, tí ó gùn ju pákó lọ. Ẹ máa pọ́n irin lóòrèkóòrè. Irin tí kò mú ni ó ń yọ̀ gé ọwọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá kí ó wà lóde, kí èéfín rẹ̀ má wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí a ti ń kun ọ̀dà kí ó jìnnà sí eruku àti sí iná.

Ẹ bo imú. Eruku ìrókò a máa yún ara, a sì máa da imú láàmú. Ní ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ jẹ́rìí sí i pé eruku igi lè fà á. Ẹ máa gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, nítorí iná pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Àwọn àgbà tí ó lè wo èèpo igi kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ń dàgbà, igbó tí wọ́n ti kọ́ orúkọ wọ̀nyí sì ti di ilé àti ọ̀nà. Ẹ̀rọ lè gé igi fún wa, kò lè sọ fún wa irú igi tí ó yẹ kí a gé. A rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a kọ orúkọ àwọn igi, orúkọ irin iṣẹ́ àti ètò gbígbẹ́ ère sílẹ̀ láti ẹnu àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ṣì wà láàyè, kí a sì mú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ Sàngó lọ jókòó lẹ́sẹ̀ wọn. Kí oníkálukú tí ó ní ère àtijọ́ nílé pẹ̀lú má ṣe tà á fún àlejò nítorí owó ọjọ́ kan. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí àáké àwọn baba wa gbà fún Ọ̀tà kò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ wa.