*ÀRÒ: BÍ Ọ̀GBÀ Ẹ̀WỌ̀N ṢE DI ILÉ ÌWÒSÀN*

 

Àwọn baba wa ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí a bá ti gbọ́ "Àrò", "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ló ń jáde lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ibẹ̀ fún yín.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Láńtòrò l'Abẹ́òkúta tẹ́lẹ̀. Ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú àwọn sójà wa tí wọ́n kó ti ojú ogun bọ̀ pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò. Ilé ìwòsàn tuntun náà kò tíì parí. Ó bá ní kí àwọn aláìsàn lọ gba yàrá lọ́wọ́ àwọn ará abúlé ìtòsí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wá: ìyá, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa gbọ́únjẹ, kó máa fọṣọ, kó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú láràárọ̀. Tó bá dọ̀sán, wọ́n á padà sábúlé, aláìsàn tó bá lè ṣiṣẹ́ á lọ sóko. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó láti fi yàrá kún ilé wọn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà bá Dókítà ṣiṣẹ́.

Ayé gbọ́ nípa Àrò. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ s'Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ̀yin ìyá mi, oògùn wà níbẹ̀, ẹbí náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wa, wọ́n ṣì ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn, wọ́n ń tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn tó fẹ́ fọmọ fún wa má baà gbọ́.

Tí ẹnì kan kò bá sùn mọ́, tó ń dá sọ̀rọ̀, tàbí tí abiyamọ tuntun kò fẹ́ fojú kan ọmọ rẹ̀, ẹ tètè mú un wá sí ilé ìwòsàn ìjọba. Tó bá le, wọ́n á júwe Àkúrẹ́ fún yín. Ẹ bá a lọ, ẹ bá a bọ̀. Tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ má dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti sọ ẹ̀wọ̀n di ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ ká sọ ilé wa di ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. 🙏🏾