Gìtá Àyìndé Bákàrè àti Sípíkà Bàrígà

Orin jùjú kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Nígbà Túndé King, ní àwọn ọdún 1930, ènìyàn díẹ̀ ni ó ń kọ ọ́; bí ìlù bá pọ̀ jù, yóò bo gìtá mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 1949 ni Àyìndé Bákàrè so gìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí gángan àti gìtá púpọ̀ ṣe rí àyè jọ dún nìyẹn, títí King Sunny Adé fi gbé jùjú dé ọjà àgbáyé ní 1982.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí 9ice àti Olamide ti dìde, sípíkà ṣì ń dún lóde àríyá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń ṣe orin. Ẹ̀rọ tí ó gba gìtá lọ́wọ́ ìlù kò lè gbà á lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ wa ní gìtá títa.