Àwọ̀ Ewé tí Ó Wọlé Sínú Pupa: Ìdàpọ̀ Àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù ní Dubai àti Sharjah ní Ọdún 2017

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Sheikh Mohammed bin Rashid Al Maktoum, ọba Dubai, pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta di ọ̀kan ṣoṣo: Al Ahli, Al Shabab àti Dubai. Shabab Al Ahli Dubai ni orúkọ tí a sọ ẹgbẹ́ tuntun náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí láìmọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé Al Shabab ni àgbà nínú ìdàpọ̀ náà, nítorí òun ni a kọ́kọ́ pè. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde sí pápá, pupa ni wọ́n wọ̀, pupa sì ni àwọ̀ Al Ahli. Pápá Rashid, ilé Al Ahli, ni wọ́n fi ṣe ilé. Àwọ̀ ewé Al Shabab, èyí tí ó jẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Àṣá Aláwọ̀ Ewé, kò sí lára jẹ́sì ilé mọ́. Pápá Maktoum bin Rashid tí ó wà ní Al Mamzar, nítòsí ààlà Sharjah, kò sì tún jẹ́ ilé ẹgbẹ́ kan tí ó dá dúró.

Orúkọ wà níwájú, àwọ̀ ti lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó jogún ẹni nínú irú ìdàpọ̀ báyìí, kì í ṣe orúkọ ni ó yẹ kí a wò, bí kò ṣe bí a ṣe ń ka ife ẹ̀yẹ. Al Shabab, tí a dá sílẹ̀ ní 1958, gba líìgì orílẹ̀-èdè náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta: ní 1989–90, ní 1994–95 àti ní 2007–08. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni líìgì ìkẹyìn kí líìgì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Al Ahli ní tirẹ̀ gba méje, ó sì dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Éṣíà ní 2015, níbi tí Guangzhou Evergrande láti Ṣáínà ti borí rẹ̀ pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo. Nígbà tí Shabab Al Ahli gba líìgì ní 2022–23, ẹ̀kẹjọ ni a kà á sí. Méje ti Al Ahli àti ọ̀kan tuntun ni ó di mẹ́jọ. Mẹ́ta ti Al Shabab kò sí nínú ìṣirò náà. Olólùfẹ́ tí ó wà ní pápá ní 1990 kò pàdánù aṣọ nìkan, ayọ̀ tí ó yọ̀ lọ́jọ́ náà kò ní olówó mọ́.

Sharjah kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2017 kan náà ni a da Al Shaab pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Sharjah. Níhìn-ín, orúkọ pàápàá kò kù: Sharjah ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ títí dòní. Al Shaab kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Ó gba Ife Ààrẹ ní 1993, ó sì dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife ní Éṣíà ní 1994–95, níbi tí Yokohama Flügels ti Jàpáànù ti fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí rẹ̀. (Flügels náà ti pòórá: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999 ni a dà á pọ̀ mọ́ Marinos.) Ní èdè Lárúbáwá, shaab túmọ̀ sí àwọn ènìyàn, ará ìlú lápapọ̀. Ó ṣòro láti má ṣàkíyèsí pé ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Ará Ìlú ni àṣẹ ààfin pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ìdí tí ó hàn gbangba ni owó àti ìdíje: Al Shaab ti já kúrò nínú líìgì àgbà ní 2016, líìgì náà fúnra rẹ̀ sì dín kù láti ẹgbẹ́ 14 sí 12 ní sáà tí ó tẹ̀ lé ìdàpọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbèjà àṣẹ náà ní ẹ̀rí tí ó lágbára lọ́wọ́. Àṣà tí a ń sọ pé a bàjẹ́ yìí, ìdàpọ̀ ni ó bí i. Al Ahli fúnra rẹ̀ jáde láti inú ìdàpọ̀ Al Wahda àti ẹgbẹ́ mìíràn tí òun náà ń jẹ́ Al Shabab ní 1970. Ní 1974, Al Najah tún wọlé. Sharjah bẹ̀rẹ̀ ní 1966 gẹ́gẹ́ bí Al Oruba. Al Wasl, ẹgbẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí Maradona wá kọ́ ní 2011, Zamalek ni ó ń jẹ́ títí di àwọn ọdún 1970. Láti Kairo ni wọ́n ti yá orúkọ náà, bí orúkọ Al Ahli ṣe jọ ti ẹgbẹ́ pupa ńlá Kairo. Orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 1971 ni a dá a sílẹ̀. Ta wá ni ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọ̀ kan jẹ́ àtọdúnmọ́dún?

Àríyànjiyàn yìí kò tọ̀nà tó. Àṣà kò nílò ọdún púpọ̀ kí ó tó di ohun ìní ẹni. Ní Dubai, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú ènìyàn mẹ́wàá lọ. Ilé gíga ti gba ipò àdúgbò àtijọ́, èdè tí a ń gbọ́ ní ọjà kì í sábà jẹ́ Lárúbáwá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wà lára ìwọ̀nba ohun tí ìdílé kan fi ń mọ ìdílé kejì yàtọ̀: ẹni tí baba rẹ̀ ń wọ ewé kì í wọ pupa. Yorùbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ilà ojú Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ti Oǹdó, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ọdún tí a kọ́kọ́ kọ ilà náà kí ó tó mọ ọmọ ibi tí ẹni náà jẹ́.

Níbi tí ó ṣeé ṣe láti ta kò ó, àwọn olólùfẹ́ ti ta kò ó. Ní Wéèlìsì, Vincent Tan sọ aṣọ búlúù Cardiff City di pupa ní 2012, ó sì gbé dírágónì síwájú lórí báàjì ní ipò ẹyẹ búlúù. Ẹgbẹ́ náà gòkè sí líìgì àgbà ní 2013 nínú aṣọ pupa yẹn, síbẹ̀ ìbínú àwọn olólùfẹ́ kò rọlẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2015 ni búlúù padà. Ní Salzburg, ní Ọ́sítríà, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Red Bull ra ẹgbẹ́ náà ní 2005, ó mú àwọ̀ àlùkò àti funfun kúrò, ó fi pupa àti funfun sí i. Nígbà tí ìjíròrò kùnà, àwọn olólùfẹ́ kó ara wọn jọ, wọ́n fi orúkọ SV Austria Salzburg sílẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpele keje, wọ́n sì gun òkè dé ìpele kejì ní 2015. Àwọ̀ àlùkò ni wọ́n wọ̀ dé ibẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Salzburg àti Dubai kì í ṣe ti ìfẹ́. Ní Salzburg, olówó ni ó ra ẹgbẹ́, òfin sì gba ará ìlú láyè láti dá òmíràn sílẹ̀. Ní Dubai àti Sharjah, ọba ni ó ni àṣẹ, láti ọ̀dọ̀ ìjọba àti ìdílé ọba ni owó ẹgbẹ́ ti ń wá, owó ìwọlé olólùfẹ́ kò sì tó nǹkan tí a lè fi gbọ́ bùkátà. Ẹni tí kò san owó tí ó ká ẹnikẹ́ni lára kò lè fi àìsan rẹ̀ halẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó jókòó sílé, tàbí kí ó máa pe ẹgbẹ́ tuntun ní orúkọ àtijọ́.

Ìbàdàn ni ó sún mọ́ ọ̀ràn yìí jù fún òǹkàwé Yorùbá. Ẹgbẹ́ tí ó di 3SC lónìí ti jẹ́ WNDC rí, ó ti jẹ́ IICC, ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ó sì ń fún un ní orúkọ bí ó ṣe wù ú. Lábẹ́ orúkọ IICC ni ó gba ife Áfíríkà ní 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ará Ìbàdàn tí ó sọ pé ife 1976 kì í ṣe ti 3SC. Ìjọba yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n kò da Olúyọ̀lé pọ̀ mọ́ ìlú mìíràn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó gbàgbé ohun tí ó ti gbà. Al Shabab ni òdìkejì rẹ̀: orúkọ wà, gbogbo ohun tí orúkọ náà tọ́ka sí ni a kó lọ.

Sharjah gba líìgì ní 2019, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1996. Abdulaziz Al Anbari, tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ 1996, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Okùn náà kò já fún àwọn tí ń wo Sharjah láti ìgbà yẹn. Fún ẹni tí ó dàgbà nínú Al Shaab, aṣẹ́gun ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ tí a kọ́ ọ láti máa bá díje. Ní Dubai, Shabab Al Ahli tún gba líìgì ní 2023 àti 2025, nínú pupa. Ọmọ tí a bí níbẹ̀ ní ọdún àṣẹ náà ti tó ẹni tí ń lọ sí pápá fúnra rẹ̀. Yóò máa pariwo Shabab nínú aṣọ pupa, kò sì ní mọ̀ pé ewé ni orúkọ náà ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, àyàfi bí àgbà kan nílé bá sọ fún un.