Amúlétutù, Amáfẹ́fẹ́gbẹ: Orúkọ fún Iṣẹ́ Inú Yàrá Ọ̀gbìn

Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀rọ òyìnbó, díẹ̀ ló dùn létí tó amúlétutù. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Kò wo ẹnu òyìnbó, ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fún ẹni tó jókòó sínú ilé ló wò. A sì máa ń gbàdúrà pé kí ilé wa tutù, kì í ṣe òtútù la ń tọrọ nígbà yẹn, àlàáfíà ni. Orúkọ tó gbé àdúrà sínú báyìí kò ṣeé jù nù. Àmọ́ bí a bá gbé ẹ̀rọ yìí kúrò ní pálọ̀, tí a gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń gbin ewébẹ̀ lábẹ́ iná, yàrá tí a dí gbogbo ihò rẹ̀ pa, orúkọ náà kò tó mọ́. Ó tiẹ̀ lè ṣi ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́nà.

Ara ọ̀rọ̀ náà, tutù, ni ìṣòro ti ń wá. Omi tútù, òtútù ló ń sọ. Aṣọ tó tutù lórí okùn, omi ló wà lára rẹ̀. Ilẹ̀ tutù lẹ́yìn òjò, igi tútù kò ṣeé dáná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló di òtútù àti omi mú pọ̀, kò sì sí ohun tó burú ńbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nínú yàrá ọ̀gbìn, nǹkan méjì ni wọ́n, ẹ̀rọ tí a ń pè ní amúlétutù sì ń mú ọ̀kan wá, ó ń lé èkejì lọ. Ẹni tó bá sùn mọ́jú lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: ètè á gbẹ, ọ̀fun á gbẹ, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ ò rí i pé èdè wa kò ṣàìmọ afẹ́fẹ́ tó tutù tó sì tún gbẹ? Ọyẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó kù ni kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́.

Ìtàn ẹ̀rọ náà gbè mí lẹ́yìn. Ní 1902, Willis Carrier ya àwòrán ẹ̀rọ kan fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní New York. Kì í ṣe nítorí pé ooru ń mú àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀rinrin ló ń mú kí bébà wú, tó tún ń súnkì, tí àwọ̀ kan kì í fi í bọ́ sójú ibi tó yẹ lórí àwọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ ṣáájú. Ní 1906, Stuart Cramer, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ilé ìhunṣọ ní Amẹ́ríkà, ló fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ tí òyìnbó ń pè é títí dòní, air conditioning. Òun náà, ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ló ń bá kiri, kí òwú má baà gbẹ kó máa já. Orúkọ tiwọn ń sọ pé kí a tún afẹ́fẹ́ ṣe dé ibi tí a fẹ́ ẹ. Tiwa di òtútù nìkan mú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo yàrá méjì. Ní Ìbàdàn, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ń tọ́jú oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ àti iṣu nínú ìgò kéékèèké, nítorí pé igi ẹ̀gẹ́ àti èbù iṣu la ń gbìn, wọn kì í ṣe ohun tí a lè kó hóró rẹ̀ pamọ́ bí àgbàdo. Inú yàrá tí iná ń tàn, tí ẹ̀rọ ń mú tutù, ni irú ìgò bẹ́ẹ̀ máa ń wà, wọ́n sì dé e lórí. Yàrá kejì ni ti àwọn tó ń gbin lẹ́tíúsì tàbí ewébẹ̀ mìíràn lábẹ́ iná láìsí ìdérí kankan. Ká ní iye iná kan náà ló wà nínú yàrá méjèèjì. Gbogbo iná mànàmáná tó wọ inú gílóòbù ló máa di ooru nígbẹ̀yìn, yálà LED ni o, yálà gílóòbù àtijọ́ ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni ewé ń rí tọ́jú sínú ara rẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé níbo ni ooru náà gbà.

Nínú yàrá onígò, omi kò ráyè jáde kúrò nínú ìgò, nítorí náà ooru á jẹ́ ooru tí ara ń mọ̀, tí òṣùwọ̀n á fi hàn. Nínú yàrá ewébẹ̀, ewé ń mí omi jáde lójoojúmọ́, omi yẹn sì ń gbé ooru lọ́wọ́ bó ṣe ń di ọ̀rinrin. Lítà omi kan tó bá gba ojú ewé lọ sínú afẹ́fẹ́ gbé ooru tó tó ti iná 680 wáàtì fún wákàtí kan. Òṣùwọ̀n kò ní fi í hàn. Ẹni tó wọlé lè sọ pé yàrá náà tura. Ooru yẹn kò kúrò nínú ilé o, ó fara pamọ́ sínú ọ̀rinrin ni, kò sì ní tú sílẹ̀ àfi ìgbà tí ọ̀rinrin bá padà di omi lára irin tútù inú ẹ̀rọ.

Ibí yìí la ti nílò orúkọ méjì, mo sì dábàá ooru afarahàn àti ooru afarapamọ́. Wọ́n gùn díẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ wọn á mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n, á sì mọ èyí tí òun gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Àwọn kan ti ń pe omi tó gòkè bẹ́ẹ̀ ní ooru omi. N kò ní lò ó nínú iṣẹ́ yìí, torí pé bí ooru bá dúró fún méjèèjì, ẹni tó ń ṣírò á daṣẹ́ rú. Ọ̀rinrin tó fún un. Ìgbà tí ọ̀rinrin bá sì di omi lára irin, a kò nílò láti ṣẹ̀dá ohunkóhun: ìrì ló sẹ̀. Ìwọ̀n òtútù tí ìrì fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ lára nǹkan, ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú ìsẹ̀rì. Àgbẹ̀ tí kò rí ẹ̀rọ yìí rí á lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó ti ń fi ẹsẹ̀ gbá ìrì láàárọ̀ láti kékeré.

Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fa ọ̀rinrin kúrò ńkọ́? Amúlégbẹ ni ì bá bá amúlétutù rìn jù, àmọ́ ta ni yóò fẹ́ kí ilé òun gbẹ? Ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ èpè jù. Amáfẹ́fẹ́gbẹ ni mo fara mọ́, torí pé afẹ́fẹ́ nìkan ló dárúkọ.

Orúkọ kan kù tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀gbìn kì í fi ìdá ọ̀rinrin nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ń wo iye ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ ṣì lè gbà kún èyí tó wà nínú rẹ̀, nítorí ìyẹn ló ń fa omi lára ewé. Òǹgbẹ afẹ́fẹ́ ni mo pè é. Bí yàrá bá wà ní 25°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún, òǹgbẹ afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 0.95 kPa. Gbé yàrá náà lọ sí 30°C, kí 70 má yẹ̀, òǹgbẹ á di nǹkan bí 1.27. Ẹni tó ń wo 70 nìkan á ní kò sí ohun tó yí padà, ewé á sì ti máa rọ.

Nínú ọjà, níbi tí wọ́n ti ń pe amúlétutù ní ẹ́sì, họ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń sọ: ẹ́sì họ́ọ̀sì kan, họ́ọ̀sì kan àbọ̀, họ́ọ̀sì méjì. Inú mi kò dùn sí i fún iṣẹ́ yìí, bí a bá sì pè é ní agbára ẹṣin, kò tíì sàn. Iye ooru tí ẹ̀rọ lè gbé jáde ni olóko ń wá, èyí sì wà lára páálí ní BTU: họ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 9,000 ní wákàtí kan, họ́ọ̀sì kan àbọ̀ jẹ́ 12,000, méjì jẹ́ 18,000. Òṣùwọ̀n àgbà kan wà tí orúkọ rẹ̀ yé mi jù, èyí tí í ṣe tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù yìnyín ló yẹ ká máa pè é, torí pé ibẹ̀ ló ti wá lóòótọ́: ooru tó máa yọ́ yìnyín tó wúwo tó 907 kìlógíráàmù láàárín wákàtí 24. Tọ́ọ̀nù yìnyín kan ni 12,000 BTU ní wákàtí kan.

Ìṣírò rẹ̀ kò le. Wáàtì kan jẹ́ BTU 3.412 ní wákàtí kan. Yàrá tó ní iná mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 320 wáàtì, pẹ̀lú fáànù tó jẹ́ 200, ń mú ooru nǹkan bí 11,600 wá. Họ́ọ̀sì kan àbọ̀ dà bíi pé ó tó. Ẹ wá fi ẹ̀rọ amáfẹ́fẹ́gbẹ tó ń jẹ 500 wáàtì kún un, a ti kọjá 13,300, a kò tíì ka ooru tó ń gba ara ògiri wọlé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ń pa apá ìta amúlétutù, tí agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ tó ń lé ọ̀rinrin ń dá ooru sílẹ̀ nínú yàrá kan náà: ó ń sọ ooru afarapamọ́ di afarahàn, á wá ku kí amúlétutù gbé e jáde. Láìsí orúkọ méjèèjì, n kò mọ bí a ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ẹni tó fẹ́ náwó.

Yàrá àdípa ni mo ń pe yàrá tí afẹ́fẹ́ ìta kì í wọ̀. Ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ta igbó lábẹ́ òfin láti 2014, irú yàrá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Lọ́dọ̀ wa òfin kò gba igbó láyè, àmọ́ ìmọ̀ yàrá náà wúlò fún ẹ̀fọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ń fi carbon dioxide bọ́ ewé níbẹ̀ títí yóò fi kọjá 1,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta ní nǹkan bí 420. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì káàkiri lórí táyà, tó ní ọpọ́n kan ṣoṣo lójú fèrèsé, kò yẹ ibẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ yàrá ló ń tú síta, afẹ́fẹ́ ìta á sì máa wá gbogbo ojú ihò tó lè bá wọlé dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ alápá-méjì ni kí wọ́n rà, èyí tó jẹ́ pé gáàsì inú páìpù nìkan ló ń la ògiri kọjá.

Lórí ìnfátà tí wọ́n ń fi pe irú ẹ́sì kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tètè wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní Nàìjíríà, bátìrì tó ń fún ilé níná nígbà tí iná bá lọ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ìnfátà. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ra ẹ́sì oní-ìnfátà lè rò pé bátìrì wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lè dín eré rẹ̀ kù dípò kó kú kó tún jí. Adínré ni mo dábàá fún un, akújí sì ni èyí àtijọ́. Nínú yàrá ọ̀gbìn ìyàtọ̀ wọn ń hàn lálẹ́. Bí wọ́n bá pa iná tó ń tàn sórí ewé, ooru afarahàn á lọ sílẹ̀, akújí á rò pé iṣẹ́ tán, á dákẹ́. Ọ̀rinrin ṣì wà ńlẹ̀ ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti tutù kò sì lè gbà á mọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ìrì á ti sẹ̀ lára ewé, láìpẹ́ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Akújí tó tóbi jù ló burú jù, torí pé ó ń tètè dákẹ́. Adínré ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lè máa fa ọ̀rinrin pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ amáfẹ́fẹ́gbẹ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò wá orúkọ fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, n kò wá fún páìpù, n kò wá fún fáànù. Ètè àwọn oníṣẹ́ ti mọ́ orúkọ wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń ṣì lọ́nà. Àwọn àgbà tó ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984 àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, ṣiṣẹ́ takuntakun lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, àwa tí a ń bá ẹ̀rọ lò sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé, nínú iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ ìṣe ló ń kánjú. Irin lè máa jẹ́ orúkọ tó bá wọlé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́: gáàsì ti tán. Gáàsì inú amúlétutù kì í tán bí epo mọ́tò ṣe ń tán. Kì í jó, ẹ̀rọ kì í jẹ ẹ́, inú páìpù ló ń yí ká, ó ń gbé ooru jáde, ó sì ń padà wá. Bó bá dín kù, ó ti jò ni. Ẹni tó gbọ́ pé ó ti tán á sanwó kí wọ́n bu òmíràn sí i, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ewé á tún rọ, á tún sanwó. Kí oníṣẹ́ sọ pé gáàsì ti jò, kí olóko sì ní kó kọ́kọ́ wá ojú ibi tó ti ń jò kó tó ṣí sìlíńdà.