Orúkọ Ilẹ̀ ní Attécoubé: Ohun Tí Àwòrán Ilẹ̀ Fi Sílẹ̀

Ọ̀kan péré ni Attécoubé jẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó para pọ̀ di Abidjan, síbẹ̀ èdè tó sọ àdúgbò ibẹ̀ lórúkọ ju ẹyọ kan lọ. Locodjro, Abobo-Doumé, Agban àti Santé jẹ́ abúlé àwọn Tchaman, tí ayé mọ̀ sí Ebrié, tí wọ́n ti tẹ̀dó sí etí ọ̀sà kí Faransé tó fi Abidjan ṣe olú-ìlú ní 1934. Mossikro ń tọ́ka sí àwọn Mossi tó wá láti Burkina Faso, ṣùgbọ́n "kro" tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ Baoulé fún abúlé ni. Dioula, èdè ọjà, ló ni Boribana.

Orúkọ Tchaman ló jinlẹ̀ jù. Ẹ̀ka mẹ́sàn-án ni àwọn Tchaman pín sí. Georges Niangoran-Bouah, onímọ̀ àṣà ọmọ Côte d'Ivoire, kọ̀wé lórí ètò ìṣàkóso wọn ní 1969. Bidjan, Bobo, Yopougon, Songon àti Niangon wà lára ẹ̀ka wọ̀nyí, gbogbo wọn sì ti di orúkọ ilẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Abobo-Doumé á rò pé ẹ̀gbẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Abobo ló wà. Rárá o. Abobo wà ní àríwá lọ́hùn-ún, Abobo-Doumé wà létí omi, igbó Banco sì dá sí àárín: ó lé ní 3,000 hẹ́kítà, ìjọba sì ti sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ láti 1953. Orúkọ Bobo ló so méjèèjì pọ̀.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa orúkọ Abidjan dùn létí. Òyìnbó kan bi bàbá arúgbó tó ru ewé léèrè orúkọ ibi tí wọ́n wà. Bàbá kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó ní ewé lòun lọ já, òyìnbó sì kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ bí orúkọ ìlú. Kí olùwádìí ṣọ́ra fún irú ìtàn báyìí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀ka kan ń jẹ́ Bidjan, ibẹ̀ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wá orísun Abidjan.

Ní ti Boribana, "bori" ni eré sísá, "bana" ni pé ó ti parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, katapílà wọ ibẹ̀, wọ́n wó ilé, àwọn ará Boribana sì tún bẹ̀rẹ̀ ìsáré. Bí àwọn tó ń pe orúkọ bá fọ́n káàkiri, ta ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Irú iṣẹ́ kíkọ orúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ báyìí ti wáyé rí ní Ireland. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ya àwòrán ilẹ̀ náà, láti 1834 ni John O'Donovan ti ń rin ìgbèríko kiri, tó ń bi àwọn àgbà tó gbọ́ Gaelic bí wọ́n ṣe ń pe ibi kọ̀ọ̀kan. Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló dé orí àwòrán, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń tọpa orúkọ àtijọ́ dòní.

Ní Attécoubé, àkọtọ́ Faransé ló wà lórí pátákó. Ẹni tó bá ka Santé á rò pé ọ̀rọ̀ ìlera ni, ilé ìwòsàn ni yóò máa wá, bẹ́ẹ̀ abúlé Tchaman ni. Èdè Tchaman ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bíi Yorùbá, Faransé kò sì lámì fún un. Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn ń fà: "Owo" lórí àwòrán ilẹ̀ lè jẹ́ Ọ̀wọ̀, ó lè jẹ́ owó.

Láti 1966 ni Institut de Linguistique Appliquée, ilé ìwádìí ìmọ̀ èdè, ti wà ní yunifásítì Cocody. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà Locodjro àti Abobo-Doumé, kí wọ́n gba orúkọ odò, èbúté, ojúbọ àti oko pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí wọ́n tó kan pátákó tuntun mọ́ òpópónà. Kí àwọn Yorùbá ará Èjìgbò tó ń gbé Abidjan náà kọ orúkọ tí àwọn bàbá wọn pe àdúgbò wọn sílẹ̀.